Ẹ Má Bá Ṣàìtánì Dìtẹ̀ Mọ́ Ọmọ Ìyá Yín



Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí Ó ń gba túúbà ẹni tó bá ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ará mi nínú Islām, ẹni tó bá ń gbé Ṣógúnlé mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí a bá kírun Ìṣáì tán, tí a gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin padà sílé, a ó rí àwọn ọmọ wa ní méjì méjì, ní mẹ́ta mẹ́ta, nínú òkùnkùn. Òórùn èéfín la ó kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn kan ń fa igbó, àwọn kan ń fa kólọ́ọ̀sì, àwọn kan ti da kodíìnì mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àwọn mìíràn ti gbé tramadol mì láti àárọ̀. Kí ni a máa ń ṣe? A ó pòṣé, a ó sọ pé “Astaghfirullāh”, a ó fa ọmọ tiwa mọ́ra, a ó sì yára kọjá. Èmi náà ti kọjá bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé-kéwú wa ni wọ́n ti kọ́ Fátíhà.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn àsàlátù, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti sunkún tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, “Ààfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ṣé ẹ mọ ibì kan tí wọ́n ti máa ń de ọmọ mọ́lẹ̀?” Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń sọ, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó ti ta fóònù ìyá rẹ̀, ó ti ta fáànù, ó sì ti ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lóru. Ìyá yìí kò kórìíra ọmọ rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ohun kan ṣoṣo tí ó mọ̀ pé a lè ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Àwa tí à ń ṣe wáàsí ni a kò tíì fi ọ̀nà mìíràn hàn án.

Ẹ jẹ́ kí a mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó. Ìwádìí ńlá tí àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú àjọ UNODC ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 2018 fi hàn pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 láàárín ọdún 15 sí 64 ni ó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan. Ní ìpínlẹ̀ Èkó wa, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni. Nínú àwọn tó ń lò ó, ẹnì kan nínú márùn-ún ló ti di àìsàn sí lára, tí kò lè dá a dúró mọ́ bí ó tilẹ̀ fẹ́. Ẹ má sì rò pé ọkùnrin nìkan ni, nítorí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn, obìnrin ni. Nítorí náà, bí a bá ka sáàfù kan nínú mọ́sálásí wa ní ọjọ́ Jímọ̀, ó ṣòro kí á má rí bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ibo ni à ń gbé wọn lọ? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Òjòó, ní Ìbàdàn, ilé tí wọ́n fi orúkọ Islām pè ní ilé àtúnṣe, wọ́n sì kó ènìyàn 259 jáde níbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ó lé ní 300 ọkùnrin àti ọmọdé tí wọ́n tú sílẹ̀ ní Rigasa ní Kàdúná, ọ̀pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Ìròyìn náà ká gbogbo ayé, orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ó dùn wá, a bínú sí àwọn oníròyìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, ta ló gbé àwọn ọmọ náà lọ síbẹ̀? Bàbá àti ìyá wọn ni. Wọ́n san owó fún un pàápàá. Wọ́n sì gbé wọn lọ nítorí pé ní àdúgbò tiwọn, kò sí ẹnì kankan tó sọ pé, “Ẹ mú un wá, èmi yóò bá a rìn.”

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe. Ó wà nínú Bukhārī pé ọkùnrin kan wà nígbà ayé rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Abdullāh, ẹni tó máa ń pa Ànọ́bì lẹ́rìn-ín. Ọtí ti mú ọkùnrin yìí débi pé wọ́n gbé e wá fún ìyà òfin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí wọ́n tún gbé e wá lọ́jọ́ kan, ẹnì kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ṣẹ́ èpè fún un pé ìgbà mélòó ni wọn yóò máa gbé e wá! Ànọ́bì kọ̀ fún un. Ó ní kí wọ́n má ṣẹ́ èpè fún un, nítorí pé ohun tí òun mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nínú hádíìsì mìíràn tó jọ ọ́, ó kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má ṣe di olùrànlọ́wọ́ fún Ṣàìtánì lórí ọmọ ìyá wọn.

Ẹ ronú sí i dáadáa. Ànọ́bì kò sọ pé ọtí dára. Ìyà òfin ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n lé ọkùnrin náà kúrò láàárín ìjọ. Bí ẹnì kan bá ṣubú, tí àwọn ará rẹ̀ bá pa pọ̀ láti bú u, Ṣàìtánì nìkan ni yóò kù tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin nìyẹn. Àwa ti lé ọmọ náà, ẹni tó ń ta kólọ́ọ̀sì ni kò lé e. Òun ló ń pè é ní “bọ̀dá mi”, òun ló ń béèrè pé ṣé ó ti jẹun.

Ìtàn kejì ni ti Salmān àti Abū Dardā’, tí Ànọ́bì sọ di ọmọ ìyá ara wọn. Salmān lọ kí Abū Dardā’ nílé, ó rí i pé ìyàwó rẹ̀ kò tọ́jú ara mọ́, ó sì béèrè ìdí. Obìnrin náà sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ayé ti kúrò lọ́kàn ọkọ òun pátápátá. Salmān kò ṣe wáàsí. Nígbà tí Abū Dardā’ gbé oúnjẹ wá, tí ó ní òun ń gba ààwẹ̀, Salmān ní òun kò ní jẹun àfi tí ó bá bá òun jẹ. Ó sùn síbẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Bí Abū Dardā’ ti fẹ́ dìde fún nọ́fílà, ó ní kó padà sùn. Nígbà tí òru lọ tán, ó jí i, àwọn méjèèjì sì jọ kírun. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sọ fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ Ànọ́bì, ó ní òdodo ni Salmān sọ.

Lóòótọ́, ìjọsìn àṣejù ni ti Abū Dardā’, kì í ṣe oògùn olóró. Ọ̀nà tí Salmān gbà ni mo fẹ́ kí a wò. Ó wá sílé. Ó fojú sílẹ̀ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó jẹun, ó sùn síbẹ̀, ó dúró tì í ní wákàtí tí ó le jù. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ló kẹ́yìn. Àwa máa ń fi ìmọ̀ràn ṣáájú, tí a bá sì ti sọ ọ́ tán, a ó lọ.

Ní òde òní, irú iṣẹ́ tí Salmān ṣe yìí ti di ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn fún. Ẹni tí àìsàn ọpọlọ tàbí oògùn olóró ti mú rí, tí ó sì ti bọ́ níbẹ̀, ni wọ́n ń yàn láti máa bá ẹni tó ṣì wà níbẹ̀ rìn. Ní 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson, ẹni tí ọtí ti ba ayé rẹ̀ jẹ́, rí i pé ohun tó gba òun lọ́wọ́ ìgò ọtí nígbà tí ọkàn òun ń fà sí i ni kí òun wá ọ̀mùtí mìíràn lọ, kí àwọn méjèèjì sì jọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pàdé ni Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ. Láti ara àwọn méjì yìí ni ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1999, ìpínlẹ̀ Georgia bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ètò ìlera àwọn aláìní sanwó fún irú àwọn alábàárìn bẹ́ẹ̀. Ní 2007, ìjọba àpapọ̀ wọn ní ìpínlẹ̀ yòówù tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ rí sí ohun mẹ́ta: kí alábàárìn gba ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí, kí ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ máa mójú tó o, kí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára ètò ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn ń ṣe.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Yorùbá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò ní Abẹ́òkúta. Kàkà kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà, ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí wọ́n máa bá àwọn ará abúlé gbé pọ̀, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú lójúmọ́. Gbogbo ayé wá wo ohun tí ó ṣe. Grégoire Ahongbonon, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin tó bá wa pààlà, tó jẹ́ atáyàṣe tẹ́lẹ̀, tí ìrònú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rí, ti ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ kúrò nínú ẹ̀wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní àwọn ilé rẹ̀ ni wọ́n jẹ́ aláìsàn níbẹ̀ rí. Onígbàgbọ́ Kátólíìkì ni ọkùnrin náà. Bí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí bá ń tú ẹ̀wọ̀n, tí àwa sì ń dè é, ìtìjú ta ni? Nílé wa níbí, Hauwa Ojeifo, tí òun fúnra rẹ̀ ní àìsàn ọpọlọ, dá She Writes Woman sílẹ̀ ní 2016, níbi tí àwọn obìnrin ti ń pàdé tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ní 2020, ó dúró níwájú àwọn aṣòfin ní Àbújá láti jẹ́rìí lórí àbádòfin ìlera ọpọlọ. Ní oṣù kìíní 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin náà.

Kí wá ni iṣẹ́ alábàárìn gan-an? Kì í ṣe dókítà. Kò gbọ́dọ̀ sọ orúkọ àìsàn, kò gbọ́dọ̀ fúnni lóògùn, kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé kí ẹnì kan dá oògùn dókítà dúró. Yóò bá ọmọ náà lọ sí kíláńbù ìtọ́jú, yóò jókòó tì í títí wọn yóò fi pè é. Yóò bá a wá ohun tó máa ń fà á padà: ṣé ọjọ́ owó ni, ṣé àwọn ọ̀rẹ́ kan ni, ṣé àìrísùn ni? Yóò gbé fóònù rẹ̀ ní aago méjì òru. Bí ọmọ náà bá tún ṣubú, kò ní sọ pé “mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀”. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe lè ṣìnà lọ́jọ́ kan, kí ó jẹ iyọ̀ jù. A kì í tìtorí ìyẹn lé e kúrò nílé.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí ẹni tó ti là á kọjá mọ̀, tí òbí kò mọ̀, tó sì lè gba ẹ̀mí là. Ẹni tó bá dá tramadol tàbí kodíìnì dúró lójijì, ara yóò máa ro ó, inú yóò máa ṣí i, kò ní rí oorun sùn. Kì í ṣe àlùjọ̀nnú, ara ló ń béèrè ohun tó ti mọ́ ọn lára. Ẹni tí ọtí líle ti wọ̀ lẹ́wù, tó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè gbé e, ó sì lè kú, nítorí náà ilé ìwòsàn ló yẹ kó ti dá a dúró. Èyí tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ sì nìyí: ẹni tí wọ́n tì mọ́lé fún oṣù mẹ́ta, tó jáde, tó sì mu ìwọ̀n oògùn tó ń mu tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́. Nítorí náà, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lásán kì í wo àìsàn yìí sàn. Ó lè jẹ́ ìpalẹ̀mọ́ fún ikú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí, ó sì yẹ kí a gbọ́ wọn. Àwọn kan yóò sọ pé Islām pa á láṣẹ kí a bo àṣírí ẹ̀ṣẹ̀, báwo ni ẹnì kan yóò ṣe máa sọ pé òun ti mu kólọ́ọ̀sì rí? Òótọ́ ni. Ànọ́bì kìlọ̀ gidigidi fún ẹni tí Ọlọ́hun bo àṣírí rẹ̀ lóru, tó wá ń tú u síta lówùúrọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ yangàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹni tó bá sọ fún aláìsàn kan ṣoṣo, ní kọ̀rọ̀, pé “mo ti wà níbi tí o wà, Ọlọ́hun sì yọ mí”, àánú ló ń ṣe é. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ gbígbé ẹnì kan sórí mínbárì kí ó wá ka ìtàn ayé rẹ̀ fún gbogbo jàmáà. Ìwọ̀nba ohun tí yóò ran ẹnìkejì lọ́wọ́ ni kí ó sọ.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé, bí alábàárìn náà bá tún padà sídìí rẹ̀ ńkọ́? Ó lè ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ yan ẹni tó jáde láná. Ìdí nìyẹn náà tó fi gbọ́dọ̀ ní ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń jábọ̀ fún. Àwọn kan yóò sì ní rukiya ti tó. Èmi náà ń ṣe rukiya, mo sì gbà pé ìwòsàn wà nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Ànọ́bì kan náà ló pa wá láṣẹ kí á máa wá ìtọ́jú, nítorí pé kò sí àìsàn tí Ọlọ́hun sọ kalẹ̀ tí kò sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀, àfi ogbó. Kí a ka Àlùkùránì fún un, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì na ọmọ ọlọ́mọ ní pàṣán pé òun ń lé jínnì.

Ohun tí mo ń rọ àwọn mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ àsàlátù Ṣógúnlé láti ṣe rèé. Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan wá ọkùnrin méjì àti obìnrin méjì tí Ọlọ́hun ti yọ nínú oògùn olóró tàbí àìsàn ọpọlọ, tí wọ́n sì ti dúró ṣinṣin fún ọdún bíi méjì. Wọ́n wà láàárín wa, àwa ni a kò béèrè. Kí ọkùnrin máa bá ọkùnrin rìn, kí obìnrin máa bá obìnrin rìn. Kí Ìmáàmù bẹ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ọpọlọ láti kọ́ wọn. A kò jìnnà síbẹ̀: ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì níbí. Àjọ NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí a lè pè fún ìmọ̀ràn, 0800 1020 3040. Kí a yọ díẹ̀ lára sàráà ọjọ́ Jímọ̀ fún owó ọkọ̀ àti owó oògùn. Kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú jàmáà gba àwọn tó ń bọ̀ sípò sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ọwọ́ tó dilẹ̀ ni Ṣàìtánì ń bẹ̀ níṣẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí a bá gbọ́ jẹ́ àmáànà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ọmọ kan bá dé orí WhatsApp jàmáà, iṣẹ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ rántí ọkùnrin tó pa ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó fẹ́ túúbà. Onímímọ̀ tó bi léèrè kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ní kí ó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, kí ó lọ bá àwọn ènìyàn tó ń jọ́sìn fún Ọlọ́hun ní ìlú báyìí, kí ó jọ máa sìn Ín pẹ̀lú wọn. Bí ọmọ ẹ̀gbẹ́ ojú irin bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní, ìlú wo ni yóò lọ? Mọ́sálásí wa ló yẹ kó jẹ́ ìlú náà. Ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, àbí a ti tì í lẹ́yìn Ìṣáì?

Ní ti ìyá tí mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un pé, “Ìyá wa, ẹ má dè é. Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì.” Mo lọ bá awakọ̀ kan ní àdúgbò wa, ẹni tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ sí ọ̀mùtí nígbà kan, tó ti pé ọdún mẹ́rin tí kò fẹnu kàn án. Ó lọ. Kò ṣe wáàsí, ó ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì dání. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ náà tó gbà láti tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan láti ìgbà náà, ó sì ti padà. N kò lè sọ bí yóò ṣe rí lọ́la, Ọlọ́hun ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó wà ní sáàfù kẹta ní ìrun Àsùbáà ọjọ́ Sátidé tó kọjá, awakọ̀ náà sì dúró lápá ọ̀tún rẹ̀.

Ọlọ́hun Ọba, tú àwọn ọmọ wa sílẹ̀ nínú ìdè tí ojú rí àti èyí tí ojú kò rí. Má ṣe jẹ́ kí á di olùrànlọ́wọ́ Ṣàìtánì lórí wọn. Fi àwa gan-an ṣe okùnfà ìdáǹdè wọn. Àmín.